Àpò fún gáùn tí kò ní àpò

Ẹ ra ààbọ̀ ọ̀pá aṣọ òwú ní Gbági, ọjà aṣọ n'Íbàdàn. Aṣọ inú tó ń yọ̀ kò dára. Kọ́kọ́rọ́ á tètè lu ú. Ẹ gé e sí mẹ́rin: íǹṣì 7 níbùú, 12 lóròó.

Ẹ wọn íǹṣì 3 sísàlẹ̀ láti ìbàdí, kí ẹ tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní íǹṣì 6. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ tó kan fóònù.

Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rán ègé kan mọ́ iwájú, ìkan mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá rán wọn pọ̀ yípo. Ẹ so òkè àpò mọ́ ojú rírán ìbàdí. Ibí ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń ṣọ̀lẹ: bí wọn ò bá so ó, fóònù á fa gáùn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.