Ẹ má tíì ra igi tíìkì fún etí odò wa o
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Mo gbọ́ pé a fẹ́ dáwó ra tíìkì sí etí odò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Tíìkì dáa fún ẹni tó fẹ́ ta pákó, àmọ́ kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ẹyẹ ò rí èso gidi jẹ lórí ẹ̀. Ìyeyè àti akòko ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kò ná wa ní kọ́bọ̀, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó máa ta gbòǹgbò fúnra ẹ̀. Ẹ má dorí ẹ̀ kodò ṣá o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí! Àgbálùmọ̀ ní tiẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti ń jẹ ẹ́ tán ni kẹ́ ẹ ti gbin kóró ẹ̀ sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, torí tó bá gbẹ pẹ́ kì í sábà hù mọ́. Ìrókò? Àdán tó ń jẹ èso ẹ̀, tó ń da kóró ẹ̀ káàkiri, ń bá wa gbìn ín lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ yẹn yéé sọ̀kò sí wọn. Àwọn tó ń da Gamalin, oògùn apakòkòrò olóró yẹn, sódò pa ẹja ńkọ́, àfi ká kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀.