Ẹ má fi iṣẹ́ ìkẹyìn ṣáájú: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ ìtàn àròsọ àti gbígbé e dé ọwọ́ òǹkàwé

Ìwé ìtàn àròsọ tí kò rí ẹni kà á kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò ní ẹ̀bùn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀la ni òǹkọ̀wé ń ṣe lónìí. Ó ń dán gbólóhùn orí kìíní nígbà tí kò tíì mọ bí ìtàn yóò ṣe parí. Ó ń sanwó fún ẹni tí yóò ya èèpo ìwé nígbà tí kò tíì mọ iye ojú-ìwé. Ó ń kéde ọjọ́ ìkójáde nígbà tí ẹnì kankan kò tíì ka ìwé náà tán. Kò sí èyí tí kò dára nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, àsìkò wọn ni kò tíì tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí a fẹ́ sọ níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Orí kìíní tí kì í tán

Àṣìṣe tí ó ń pa ìwé jù lọ ni kí ènìyàn kọ orí kìíní, kí ó tún un kọ, kí ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí orí kejì má sì wáyé. Iṣẹ́ orí kìíní ni láti gbé ìbéèrè tí òpin ìtàn yóò dáhùn kalẹ̀, ẹni tí kò tíì mọ òpin kò sì lè mọ ìbéèrè náà dáadáa. Nígbà tí ìwé bá parí, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló máa ń rí i pé orí kejì tàbí ìkẹta gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ àlàyé tí àwọn fúnra wọn nílò kí wọ́n tó mọ àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn. Ó sì máa ń dun ènìyàn láti gé gbólóhùn tó ti fi oṣù mẹ́ta dán.

Ẹ ṣí fáìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí àléébù ní orí kìíní, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìlà kan, bíi "àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọjú níbí", kí ẹ sì máa bá ìtàn lọ bí ẹni pé ẹ ti tún un ṣe.

Ẹ mọ bí ìtàn yín ṣe yẹ kó gùn tó. Nínú òfin Hugo àti Nebula, ẹ̀bùn méjì tí wọ́n ń fún àwọn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn ìyanu, ìtàn tó bá pé 40,000 ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní nófẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá wà láàárín 17,500 sí 40,000 jẹ́ nófẹ́là, èyí tí kò bá sì tó 7,500 jẹ́ ìtàn kúkúrú. Ẹni tó bá fi nófẹ́là ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé tó ń wá nófẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sábà ka ojú-ìwé kejì rẹ̀.

Ìran kan, ojú kan

Ibi tí ìtàn ti ń yọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé lọ́wọ́ jù lọ nìyí. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Àìná fi ẹ̀rín bo ojú, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já. Dàda ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ló ń pa." Kí a tó ṣẹ́jú, a ti wọ inú ọkàn ènìyàn méjì. Àìná kò mọ̀ bóyá àṣírí òun ti tú, àìmọ̀ yẹn ló sì yẹ kó mú òǹkàwé dúró. Nígbà tí a ti sọ èrò Dàda fún un, kí ni yóò tún máa ṣọ́? Ká ní ọ̀dọ̀ Àìná nìkan la dúró sí ni: "Dàda kò dáhùn. Ó ń fi ìka ti ife omi iwájú rẹ̀ lọ, ó tún ń fà á bọ̀." Òǹkàwé yóò máa wo ìka yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan náà tí Àìná fi ń wò ó.

Bí ẹ ṣe lè rí àṣìṣe yìí nínú iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ tẹ ìran kan sórí pépà. Ẹ yan àwọ̀ kálámù kan fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó sọ èrò tàbí ìmọ̀lára ẹnì kan. Bí àwọ̀ méjì bá wà nínú ìran kan, ẹ yan ẹni tí yóò pàdánù jù lọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi wo ìran náà. Ohun tí ẹnì kejì ń rò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tàbí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ojú, ẹ dúró dìgbà tí orí yóò parí, tàbí kí ẹ fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀.

Asọ̀tàn arínú-róde, ẹni tó mọ inú gbogbo ènìyàn, ní àyè tirẹ̀, ìtàn ńlá sì pọ̀ tó gba ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀ máa ń ní ohùn tirẹ̀ láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú-ìwé ọgọ́rin ni asọ̀tàn yín ṣẹ̀ṣẹ̀ di arínú-róde, ọwọ́ yín ló yọ̀.

Ìtàkùrọ̀sọ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí o ṣe mọ̀, ọdún méje sẹ́yìn ni bàbá wa kú." Ọmọ ìyá méjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí, òǹkàwé ni òǹkọ̀wé ń bá sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí ìsọfúnni náà gba inú ìjà jáde: "Ọdún méje, o kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ibojì rẹ̀!" A gbọ́ iye ọdún, a sì gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn pẹ̀lú. Ẹ gé ìkíni àti ìdágbére kúrò, àfi bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan kí èkejì tí ìyẹn kò dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pépà bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń sọ èwo mọ́, ohùn yín ni gbogbo wọn ń lò.

Kòńgẹ́ náà ńkọ́? Kòńgẹ́ lè ti ẹ̀dá ìtàn sínú wàhálà, òǹkàwé yóò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kòńgẹ́ bá yọ ọ́, òǹkàwé á gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ní orí ogún gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà ní orí karùn-ún, ó sì dára jù bí iṣẹ́ mìíràn ló bá ń ṣe níbẹ̀.

Àtúnṣe tó gba ẹ̀yìn wọlé

Òǹkọ̀wé á sanwó fún ẹni tó mọ àkọtọ́ dáadáa, onítọ̀hún á fi àmì sórí ojú-ìwé irínwó, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà òǹkọ̀wé á rí i pé ó yẹ kí òun yọ orí mẹ́ta kúrò kí òun sì kọ méjì tuntun. Owó náà ti lọ, àṣìṣe tuntun sì ti wọlé. Ìgbékalẹ̀ ìtàn ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe. Gbólóhùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gírámà àti àkọtọ́. Ìkẹyìn pátápátá ni kíka ẹ̀dà tí a ti tò sójú-ìwé, nítorí títò fúnra rẹ̀ ń bí àṣìṣe: ọ̀rọ̀ tó gé síbi tí kò yẹ, nọ́ńbà tí kò bá ojú-ìwé àkóónú mu, ìlà kan ṣoṣo tó dá wà lókè ojú-ìwé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìgbékalẹ̀ ṣe, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Nígbà tí ẹ bá padà sí i, ẹ ya tábìlì kan, kí ìran kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: kí ni ẹnì yìí ń fẹ́, kí ló dí i lọ́wọ́, kí ló yàtọ̀ nígbà tí ìran parí? Ìran tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè fi ìwé náà fún ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún tó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Wọn yóò ní ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti gbé e sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn? Níbo lẹ ti ní láti padà sẹ́yìn kà? Níbo lẹ ti fò? Bí mẹ́ta nínú wọn bá kọsẹ̀ síbì kan náà, àléébù wà níbẹ̀ dájúdájú, bí àtúnṣe tí kálukú wọn dábàá kò tilẹ̀ tọ̀nà.

Bí èdè ìwé yín bá ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ẹ dán lẹ́tà títẹ̀ wò kí wọ́n tó to ìwé rárá. Ẹ tẹ ẹ̀, ọ́, ṣ àti ǹ ní lẹ́tà lásán, ní lẹ́tà dídúdú àti ní lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ (italic). Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà ni àmì rẹ̀ máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń gbé wọn dáadáa. PDF tí lẹ́tà náà ti wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fún atẹ̀wé. Bí ẹ bá fún un ní fáìlì Word, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò.

Lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé

Àkópọ̀ ìtàn tí ilé ìtẹ̀wé tàbí aṣojú òǹkọ̀wé bá béèrè gbọ́dọ̀ sọ bí ìtàn ṣe parí. Àwọn kan máa ń fi òpin pamọ́ kí ó lè wu ẹni tó ń kà á, ṣùgbọ́n ohun tí onítọ̀hún ń wá gan-an ni bóyá ẹ mọ bí a ṣe ń parí ìtàn. Orí àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe mú èyí tó dùn jù lọ láti àárín.

Aṣojú gidi kì í gba owó láti ka iṣẹ́. Ìpín kan nínú owó tí ìwé bá mú wọlé, tó sábà máa ń jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ni tirẹ̀. "Ilé ìtẹ̀wé" tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó gba ìwé yín ń ta iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún yín ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Jìbìtì ni bí wọ́n bá pè é ní ìtẹ́wọ́gbà. Nínú àdéhùn, ẹ wá ibi tó sọ ìgbà tí ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́wọ́ yín. "Nígbà tí ìwé kò bá sí lórí àtẹ mọ́" kò tó rárá, nítorí ìwé orí ẹ̀rọ kì í kúrò lórí àtẹ láéláé. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ẹ̀dà kan sí i: bí èyí tí wọ́n tà lọ́dún kan kò bá tó iye yẹn, ẹ̀tọ́ á padà.

Èèpo ìwé, iye owó àti ọjọ́ ìkójáde

Ẹ̀yìn ìwé, ibi tí àkọlé máa ń dúró sí lórí pẹpẹ, kò ṣeé yà kí a tó mọ iye ojú-ìwé. Ní KDP, ẹ̀ka tí Amazon fi ń tẹ ìwé fún òǹkọ̀wé, ojú-ìwé kan lórí pépà aláwọ̀ wàrà nípọn ní 0.0025 ínǹṣì. Ìwé tó ní ojú-ìwé 300 yóò ní ẹ̀yìn tó fẹ̀ ní 0.75 ínǹṣì, bí àtúnṣe bá sọ ọ́ di 360, ẹ̀yìn di 0.9. Àkọlé tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ kò ní bọ́ sí àárín mọ́. Ẹ fi 0.125 ínǹṣì kún etí àwòrán èèpo, kí funfun má bàa yọ níbi tí ẹ̀rọ ti gé e. Ẹ bèèrè ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ẹ mú un dání, kí ẹ ṣí i láàárín kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ń rì sínú ìránpọ̀, kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún kan.

Iye owó náà ń fẹ́ ìṣirò. Bí ìwé bá jẹ́ dọ́là 10, tí olùpín gba ẹ̀dínwó 55 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là 4.50 ló kù. Bí títẹ̀ rẹ̀ bá ná dọ́là 4, àádọ́ta sẹ́ǹtì ni tiyín, tí ẹ kò tíì ka ẹ̀dà tí ilé ìtàwé yóò dá padà. Fún ìwé orí ẹ̀rọ, KDP ń san 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bí iye rẹ̀ bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, bí ó bá kéré sí i tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, 35 ni. Ẹni tó bá sì wọ KDP Select, ètò tí ìwé orí ẹ̀rọ fi ń wà lọ́dọ̀ Amazon nìkan, kò gbọdọ̀ ta ìwé orí ẹ̀rọ náà níbòmíràn fún 90 ọjọ́, títí kan ìkànnì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ bọ́tìnì náà láìkà á.

Ọ̀rọ̀ ṣókí tó máa ń wà lẹ́yìn èèpo ìwé kò yẹ kó ju 150 ọ̀rọ̀ lọ: ta ni, kí ló ń fẹ́, kí ló dúró sọ́nà. Ẹ dánu dúró kí ẹ tó dé ìdáhùn, kí ẹ má sì yin ìwé yín níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn alátùúpalẹ̀ ìwé ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìkójáde. Ẹ má ṣe ní kí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín lọ yìn ín lórí Amazon. Òfin wọn kò gbà á, wọn a sì máa yọ ọ́ kúrò. Òǹkàwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ni kí ẹ bẹ̀. Ojú-ìwé tó tẹ̀ lé òpin ìtàn ni ibi tó yẹ kí ẹ̀bẹ̀ náà wà, ní gbólóhùn méjì, pẹ̀lú orúkọ ìwé yín tó kàn, kí ó sì ti wà nínú fáìlì kí ẹ tó gbé e sókè.