Bí A Ṣe Ń Ra Lincoln Continental Àtijọ́, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ojú Rí Lára Rẹ̀

Nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Lincoln Continental tó jáde láàárín 1961 sí 1969 ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Cadillac 1959 onírù gíga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ ti gbé owó rẹ̀ kúrò ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Packard sì rèé, ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá ìgbà kan, 1958 ni èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, wíwá ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ti Continental yìí yàtọ̀: ní 1961 nìkan, wọ́n ṣe ju 25,000 lọ, nítorí náà ẹ óò rí èyí tí ẹ lè yàn nínú rẹ̀, ẹ óò sì rí mẹkáníìkì tó ti tú u rí. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún olùrà tuntun ni pé ibi tí ẹwà rẹ̀ wà gan-an ni àléébù rẹ̀ ti máa ń hàn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wò ó fún ìgbádùn ti mọ ìdajì bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ríra.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, owó ń bọ́ lọ́wọ́ Ford, tó ni Lincoln, nídìí ọkọ̀ náà, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà sì ti ń rò ó bóyá kí wọ́n pa á tì. Elwood Engel, ayàwòrán ọkọ̀ ní Ford, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ya àwòrán kan tí wọ́n pète pé yóò di Thunderbird tuntun, ọkọ̀ Ford mìíràn. Robert McNamara, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Ford nígbà náà, tí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó di akọ̀wé ìjọba fún ètò ààbò lábẹ́ Ààrẹ Kennedy, rí i, ó sì ní kí wọ́n mú un tóbi sí i, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn mẹ́rin sí i, kí ó di Lincoln. Ọkọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde fi nǹkan bí ínṣì 15 kúrú ju ti 1960 lọ, ní ìgbà tí olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ń fi gígùn ọkọ̀ ṣe fáàrí. Wọ́n bọ́ ìrù àti ọ̀ṣọ́ àṣejù kúrò lára rẹ̀. Ìhà rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìlà irin dídán tín-ín-rín kan sì gba etí òkè ìhà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí iná iwájú, ẹ di ojú kan, kí ẹ sì fi èkejì tọ ìlà náà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Lára ọkọ̀ tí kò tíì forí gbá nǹkan rí, yóò lọ gbọọrọ láìfò. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí ó yọ síta níbi tí ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀, panẹbítà kan ti bá a ṣeré níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àárín ìhà ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Continental kò ṣí bí ti ọkọ̀ yòókù: ẹ̀yìn ni wọ́n kàn án mọ́, nítorí náà ọwọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sún mọ́ ara wọn ní àárín. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì yẹ kí ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ ní òkè tí ó sì fún ní ìsàlẹ̀, tàbí bí ilẹ̀kùn bá ń fẹ́ kí a gbé e díẹ̀ kí ó tó pa dé, bọ́dì náà ti ń tẹ̀, ohun tó sì ń tẹ bọ́dì Continental kò ju ìpẹtà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà yìí gba kí a dúró lé e lórí. Ọ̀pọ̀ Cadillac ìgbà náà ní ṣáàsì tó dá dúró lábẹ́ bọ́dì, tó fi jẹ́ pé bí bọ́dì bá tilẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, egungun ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Continental kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́dì gan-an ni ṣáàsì rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá wọlé, wà lára ohun tó gbé gbogbo ọkọ̀ náà ró, bí ó bá sì ti jẹ dé inú, owó àtúnṣe lè ju owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé táyà ìpamọ́ kúrò, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, àti ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn níbi tí omi máa ń dá sí. Ẹ mú òòfà kékeré kan tí ẹ fi aṣọ wé dání kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé e lé ìsàlẹ̀ bọ́dì láti ibì kan dé ibòmíràn. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà, ohun tí panẹbítà fi ń tẹ́ bọ́dì, ni wọ́n fi dí ihò. Ọ̀dà tuntun tó ń dán gbinrin kò gbọdọ̀ mú orí yín wú. Èmi a máa fura sí i ju èyí tó ti ṣá díẹ̀ lọ, nítorí ọ̀dà ọlọ́dún pípẹ́ kì í lè fi nǹkan pamọ́.

Ibi tí ọkọ̀ ti gbé ayé rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye máìlì rẹ̀ lọ. Ní Michigan, Ohio àti New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín, iyọ̀ náà sì ni ikú irin. Ẹ máa wá ti Arizona, ti àwọn ibi gbígbẹ ní California àti ti ìwọ̀-oòrùn Texas. Òòrùn ibẹ̀ yóò ti sán dasibọ́ọ̀dù, yóò sì ti mú rọ́bà àti awọ ìjókòó gbẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀yà méjì ló wọ́pọ̀: olórí irin, àti èyí tí orí rẹ̀ ń ká. Olórí kíká ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, 2,857 péré ni wọ́n sì ṣe nínú rẹ̀ ní 1961. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olùrà àkọ́kọ́ mú olórí irin. Bí orí náà ṣe ń ká jẹ́ àrà tó yẹ kí ènìyàn fojú rí: ìdérí búùtù yóò kọ́kọ́ ṣí sí ẹ̀yìn, orí aṣọ náà yóò tú ara rẹ̀, yóò ká, yóò wọlé, ìdérí yóò sì tún padà dé e tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní mọ̀ pé ó lórí rí. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó má baà há mọ́ rọ́bà. Mọ́tò iná, páńpù epo, relay (swíìṣì tí iná ń ṣí tí ó sì ń pa) àti wáyà ló ń ṣe gbogbo èyí, bí ọ̀kan bá sì kọ iṣẹ́, orí náà lè dúró sí agbedeméjì nígbà tí òjò ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun náà ni ẹ fẹ́ dandan, ẹ ní kí olùtajà ká a, kí ó sì tún dá a padà níṣojú yín, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. “Fíúsì lásán ló jó” kì í ṣe ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ fíúsì lásán ni, kí ló dé tí kò tíì pààrọ̀ rẹ̀?

Àwo irin kékeré kan wà ní apá ilẹ̀kùn awakọ̀ tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ọdún, 1 fún 1961, 6 fún 1966. Y dúró fún ilé iṣẹ́ Wixom ní Michigan. 82 ni olórí irin, 86 ni olórí kíká. Kí ẹ fi í wé ìwé ọkọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí olùtajà bá ń pè é ní 1962 tí àwo rẹ̀ ń ka 3Y82, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn tí olùtajà ní òun ń bá a tà á, ẹ má sanwó títí ẹ óò fi rí ẹni tó ni orúkọ.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rù rẹ̀ kì í tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ti 1961 jẹ́ V8 oní 430 cubic inch, bíi lítà 7, agbára ẹṣin 300. Ní 1966 wọ́n sọ ọ́ di 462. Kí ẹ sọ fún olùtajà kí ó má ṣe tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá débẹ̀. Bí ó bá ti gbóná, ó ń fi nǹkan pamọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò lọ túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ tan wáípà pẹ̀lú, nítorí epo páńpù tó ń mú sítíárìn fúyẹ́ náà ni ó ń yí i, jíjò rẹ̀ sì wọ́pọ̀.

Bíréèkì ni èmi kì í gbójú fò. Ṣáájú 1967, ojú ọ̀nà epo kan ṣoṣo ni bíréèkì rẹ̀ ní; bí páìpù kan bá bẹ́, pẹ́dàlì yóò wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì ní sí bíréèkì lórí ìkankan nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ tó wúwo ju kìlógíráàmù 2,200 lọ ni a sì ń sọ. Láti 1965 ni wọ́n ti fi bíréèkì onídíìsìkì sí iwájú, nítorí náà ẹni tó fẹ́ máa wà á dáadáa yóò ṣe ara rẹ̀ lóore bí ó bá wá ti 1965 sókè. Ẹ tún ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT lára táyà: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀. Rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà kọjá náà yẹ kó di tuntun, torí ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ epo Amẹ́ríkà lónìí máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ san owó fún mẹkáníìkì tí kò mọ olùtajà rí kí ó gbé ọkọ̀ sókè, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Hagerty, tó ń ṣe ìdíyelé ọkọ̀ àtijọ́, pín wọn sí ipò mẹ́rin, 1 ni ó dára jù. Olùtajà kì í gbà pé tirẹ̀ jẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ sì ni 3 ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ra èyí tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú kí a tún un dì, ṣùgbọ́n fífi kúróòmù tuntun sí bọ́ńpà àti wíwá gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀, ti 1961 sí 1963, máa ń jẹ owó lọ. Níbi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ ní gbànjo, ẹ rántí owó àlékún tí olùrà ń san lórí iye tí òòlù bá bọ́ lé. Fún ìbánigbófò, ẹ béèrè èyí tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọkọ̀ ṣáájú, torí ti ọkọ̀ ojoojúmọ́ yóò kà á sí ògbólógbòó lásán.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn kí ẹ tó jókòó síwájú, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe é fún. Sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́, kì í sì í sọ fún ọwọ́ bí títì ti rí, nítorí náà ẹ fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ níwájú. Ẹgbẹ́ àwọn onílincoln, Lincoln and Continental Owners Club, ti wà láti 1953, ó sì tọ́ láti darapọ̀ mọ́ wọn kí ẹ tó rà á pàápàá. Ní Michigan, ẹ lè rí ọ̀pọ̀ Lincoln ní Gilmore Car Museum ní Hickory Corners. Continental 1961 tí Kennedy wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ní Dallas sì wà ní Henry Ford Museum ní Dearborn. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba sì ń lò ó títí di 1977. Orí rẹ̀ tí kì í ṣí mọ́ báyìí kì í ṣe bí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ń rò ó láti fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó ní láti kọ́kọ́ bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, nítorí òfin Nàìjíríà fi ààlà sí iye ọdún tí ọkọ̀ tó ń wọlé lè ti lò, Continental sì ti ré ààlà náà kọjá tipẹ́. Kí ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi.