Ọ́ìlì ń tú jáde lójú géèjì: ẹ yẹ PCV wò kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla mi ń tu ọ́ìlì jáde lójú géèjì, ihò ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Mẹkáníìkì pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, ó tún ń jò. Ó ní ẹ́ńjìnì ti ń bríìdì (pé èéfín ń tú jáde láti inú rẹ̀), kí n lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Bí epo bá ń jó nínú sílíńdà, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì sá bọ́ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Ẹ́ńjìnì tuntun pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, páìpù kan ló ń da èéfín yìí sábẹ́ ọkọ̀. Ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ìyẹn ni àwọn ọkọ̀ tuntun ti 1961 ní ìpínlẹ̀ California fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo PCV. Fáàfù kékeré ni, ó sábà máa ń wà lórí kọ́fà ẹ́ńjìnì. Manifold, páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì, á gba ibẹ̀ fa èéfín náà padà lọ jó. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ á gba họ́ọ̀sì mìíràn wọlé láti ọ̀dọ̀ fílítà. Bí fáàfù bá dí, èéfín á há, á máa ti ọ́ìlì jáde níbi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síìlì tuntun ò lè dá a dúró.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?

Ìdáhùn: Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kó tutù. Ẹ tú fáàfù kúrò lára kọ́fà, ẹ mì í létí. Ó yẹ kó máa ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ó ti lẹ̀. Ẹ dá họ́ọ̀sì rẹ̀ padà sí i, ẹ tan ọkọ̀ sórí slow, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu fáàfù náà. Ó yẹ kó fà mọ́ yín lọ́wọ́. Bí kò bá fà, ẹ wo họ́ọ̀sì náà dáadáa: ọ́ìlì tó ti dì lè dí i, họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sì lè ti rọ̀ débi tó ń padé. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì.

Ìbéèrè: Slow ọkọ̀ tún ń gbọ̀n. Ṣé òun náà ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òun, bí fáàfù bá ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́, tàbí tí họ́ọ̀sì ya. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ; kóòdù P0171, tó ń sọ bẹ́ẹ̀, lè yọ lórí ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi ń yẹ ọkọ̀ wò.

Ìbéèrè: Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ tó ṣì ń tú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí wọ́n wọn compression, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó, nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti jẹ, kí èéfín sì ti pọ̀ ju èyí tí fáàfù lè kó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀.