Ẹ má tíì gé e dànù o: iṣẹ́ àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lára férémù kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́

Tẹ́ ẹ bá ra férémù onírin àtijọ́, ti àwọn kẹ̀kẹ́ ìje tí wọ́n ṣe ní Ítálì, Faransé tàbí Ìlú Ọba láàárín bíi 1950 sí 1990, ẹ máa rí àwọn nǹkan kan lára ẹ̀ tó jọ pé wọn ò níṣẹ́ kankan, irin tó yọ síta bí orí ìṣó, ihò tí ò lọ síbì kankan, ibi tó tẹ̀ wọnú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò tàbí kí wọ́n fi fíllà dí i kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà tuntun, bẹ́ẹ̀ nǹkan yẹn gan-an ló máa sọ irú kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ rà fún yín àti páàtì tó máa wọ̀ ọ́. Torí náà ẹ gbé férémù yẹn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, rúlà àti àkísà, ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn.

Ẹ wo ẹnu irin méjèèjì tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní dropout. Tí ẹnu yẹn bá gùn tó sì kọjú síwájú, ẹ sábà máa rí skúrúù tín-ínrín kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà míì ó máa ń ní sípíríǹgì lára. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa dá irin àárín táyà dúró síbì kan náà, kí táyà má wọ́ sápá kan. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí táyà á fi wà láàárín gbùngbùn, lẹ́yìn ìyẹn tẹ́ ẹ bá yọ táyà tẹ́ ẹ sì fẹ́ dá a padà, ẹ kàn fà á kó kan skúrúù ni, ó parí. Tó bá ti dípẹtà ẹ má fagbára yí i torí ó máa ń tètè kán sínú, ẹ da epo sí i kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá sọnù, M3 (ìyẹn skúrúù tó fẹ̀ ní 3 mm) ni ti Campagnolo, ilé iṣẹ́ Ítálì tó ń ṣe páàtì kẹ̀kẹ́, ẹ máa rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ta bóòtù.

Dropout ọ̀tún máa ń ní etí kan tó yọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni gíà ẹ̀yìn ń kọ́ sí. Tí ihò etí yẹn bá ní tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí skúrúù ń yí wọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Campagnolo, ihò 10 mm tí àlàfo tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jẹ́ 1 mm, ọ̀pọ̀ gíà òde òní máa wọ̀ ọ́. Tó bá dán láìní tírẹ́ẹ̀dì, ẹ máa fura sí Simplex, ilé iṣẹ́ gíà ti Faransé, ìyẹn wọ́pọ̀ lára férémù Faransé, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè gé tírẹ́ẹ̀dì sí i. Kẹ́ ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín dropout méjèèjì: 120 mm sábà máa ń jẹ́ ti gíà márùn-ún, 126 ti mẹ́fà tàbí méje, 130 ti mẹ́jọ sókè. Irin ṣeé fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ má dán an wò lára alumíníọ̀mù.

Díẹ̀ sókè dropout ọ̀tún, nínú lọ́hùn-ún níbi tó kọjú sí táyà, irin kékeré kan lè wà níbẹ̀ tó ti rú àìmọye èèyàn lójú. Wọ́n fi ń kọ́ ṣéènì ni. Kẹ́ ẹ tó yọ táyà, ẹ gbé gíà sórí eyín tó kéré jù, ẹ gbé ṣéènì sórí irin yẹn, táyà á jáde, ọwọ́ yín ò ní dọ̀tí, ṣéènì ò sì ní máa gbá ọ̀dà férémù tẹ́ ẹ bá gbé e sínú mọ́tò. Irin méjì tó wà lórí chainstay, ìyẹn páìpù tó gba ìsàlẹ̀ lọ sẹ́yìn, sípókù àjẹṣẹ́kù ni wọ́n ń há síbẹ̀. Sípókù apá gíà sábà máa ń kúrú díẹ̀ ju ti apá kejì lọ, torí náà ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó há a.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn ihò wínníwínní, bíi 2 mm, tó máa ń wà nínú ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ tàbí lára àwọn páìpù ẹ̀yìn. Èèyàn á rò pé ìpẹtà ló jẹ ẹ́. Rárá o. Nígbà tí wọ́n bá ń fi iná so férémù pọ̀, bráàsì tàbí fàdákà máa ń yọ́ wọ oríkèé páìpù, afẹ́fẹ́ inú páìpù náà á wá gbóná, á fẹ̀, tí ò bá sì ríbi gbà jáde á gba inú bráàsì tó ń yọ́ yẹn, á ba ojú ìsopọ̀ jẹ́. Ihò yẹn ló ń jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Ẹ fọwọ́ pa á wò: ihò tí wọ́n dìídì lu rí róbótó, etí ẹ̀ mọ́, ó sì sábà máa ń wà lápá méjèèjì níbì kan náà. Ti ìpẹtà máa ń rí wúruwùru, ọ̀dà á wú yí i ká. Ẹ má dí i, ibẹ̀ lẹ máa gbà fọ́n epo tí ń lé ìpẹtà sínú, ẹ yí férémù síwá sẹ́yìn kó dé gbogbo inú, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ kó ro.

Ẹ wá dojú ẹ̀ dé, ẹ wo abẹ́ ibi tí irin pẹ́dààlì gbà kọjá. Tó bá jẹ́ Colnago, kẹ̀kẹ́ ìje Ítálì kan, ẹ lè rí ewé kan tí wọ́n gé lu irin níbẹ̀, àmì club orí káàdì. Lẹ́yìn tí Michele Dancelli gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Milan–San Remo lọ́dún 1970 fún ẹgbẹ́ Molteni, níbi tí Ernesto Colnago tó ni ilé iṣẹ́ yẹn ti ń ṣe mẹkáníìkì, ni ewé yẹn di àmì tiẹ̀. Omi tó bá wọ páìpù ń gba ibẹ̀ jáde, àmọ́ ẹrẹ̀ náà ń gba ibẹ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi ìbòrí oníke sáàárín bọ̀ríǹ méjèèjì. Ẹ má jù ú nù nítorí pé ó ti gbó.

Tẹ́ ẹ bá ti tú bọ̀ríǹ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Stíkà ò ṣòro láti lẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lẹ Columbus SLX, orúkọ páìpù Ítálì kan, mọ́ férémù, àmọ́ SLX ní ìlà márùn-ún tó lọ́ yípo nínú ìsàlẹ̀ páìpù ìjókòó àti ti páìpù ìsàlẹ̀ tó wá láti orí férémù, ẹ máa fojú rí i. Ẹ má kàn wo inú ọ̀pá fọ́ọ̀kì nìkan kẹ́ ẹ sọ pé SLX ni, torí pé SL, páìpù Columbus míì, náà ní ìlà yẹn ńbẹ̀. Ti Reynolds 531, páìpù tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, ẹ wọn ọ̀pá ìjókòó: 27.2 mm ló sábà máa ń wọ ti òyìnbó Ìlú Ọba tí páìpù ẹ̀ fẹ́lẹ́, àmọ́ ti Faransé bíi Peugeot PX-10 lè jẹ́ 26.4 torí pé páìpù tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ayédèrú.

Iwájú ò pọ̀. Kókó kékeré tó wà lábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ ń dá ìgbámú gíà dúró kó má yọ̀ sísàlẹ̀. Irin tó wà lẹ́yìn orí férémù, pọ́m̀pù ni wọ́n ń há mọ́ ọn. Pelebe onihò tó rọ̀ sábẹ́ páìpù òkè, nọ́ńbà ìdíje ni wọ́n ń so mọ́ ọn.

Ibi tó tẹ̀ wọnú lára chainstay, tó bá dán tí ọ̀dà ẹ̀ ò sì fọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí táyà tàbí eyín ṣéènì lè ráyè ni. Àmọ́ ẹ fìka pa abẹ́ páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn orí férémù. Tó bá wú tàbí tó kájọ, tí ọ̀dà ibẹ̀ sì là, férémù yẹn ti kọlu nǹkan rí, ẹ má rà á.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọlọ́dà, ẹ ya fọ́tò gbogbo irin àti ihò yìí, ẹ fi skúrúù àlòkù tẹ́ ẹ ti fi gíríìsì pa dí gbogbo ihò onítírẹ́ẹ̀dì, ẹ sì bo tírẹ́ẹ̀dì bọ̀ríǹ, torí yanrìn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà máa ń jẹ tírẹ́ẹ̀dì.