Bí Agbá-béèsìbọ́ọ̀lù Ṣe Lè Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá
Bí ẹ bá ń fi béèsìbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì fẹ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má dúró di ìgbà tí ara bá kọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ wo Bruce Bochy, agbá-béèsìbọ́ọ̀lù tó padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá: òun, tó gbá bọ́ọ̀lù láti 1978 sí 1987, ni ẹni tí í hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá a. Ní tèmi, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ju àyè yẹn lọ, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí gbogbo pápá. Ẹ máa sún mọ́ àwọn ajùbọ́ọ̀lù, kí ẹ mọ ìgbà tí apá bá rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gba iṣẹ́ ní líìgì kékeré, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dé líìgì ńlá, bí Bochy ti ṣe ní ìlú Spokane ní 1989. Ní 1995 ló di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ San Diego Padres ní líìgì ńlá. 2010 ló sì tó kọ́kọ́ gba ife World Series, ìyẹn ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá béèsìbọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ San Francisco Giants.