Bí A Ṣe Ń Pidán fún Òǹwòran Díẹ̀ Nínú Yàrá Ìgbàlejò

Idán tí à ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín kò ní oògùn nínú. Ìmọ̀ọ́ṣe ọwọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àti òye nípa bí ojú ènìyàn ṣe ń wòye ni. Àwọn òǹwòran rẹ̀ kì í sábà pọ̀, iwájú onídán tó dúró ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n sì ń súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè rí i bí ojú rẹ̀ bá yí padà. Ìsúnmọ́ra yìí ni iyì rẹ̀, òun náà sì ni ìnira rẹ̀. Jean-Eugène Robert-Houdin, onídán ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣí gbọ̀ngàn idán kékeré kan ní Palais-Royal ní Paris lọ́dún 1845, pa aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn onídán àtijọ́ tì, ó wọ irú aṣọ tí àwọn àlejò rẹ̀ fi ń jáde lálẹ́, ó sì dín ẹrù orí ìtàgé kù.

Àga ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn yín tàbí sí ẹ̀gbẹ́ yín gan-an, nítorí ohun tí àtẹ́lẹwọ́ fi pamọ́ fún ẹni tó wà níwájú, kedere ló máa ń hàn sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀yìn sí ògiri, kì í ṣe fèrèsé, kí iná sì wà níwájú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó sórí àga tó jìnnà jù, kí ẹ wo ohun èlò yín láti ibẹ̀. Owó ẹyọ àti káàdì sábà máa ń kéré jù. Okùn, aṣọ ìléwọ́ aláwọ̀ títàn àti òrùka irin ńláńlá máa ń hàn dáadáa.

Okùn tí a gé tó tún padà di odidi ni mo máa ń gba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá okùn òwú tó rọ̀, tó gùn tó mítà 1.5. Ẹ fi ọwọ́ òsì mú orí rẹ̀ méjèèjì, kí àárín rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àárín náà wá sókè bí ẹni fẹ́ fi lé ọwọ́ òsì lọ́wọ́; bó bá ti dé ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, tí wọn kò rí i mọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́ mọ́ ìka yín, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú okùn náà níbi tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 jìn sí ọ̀kan nínú orí méjèèjì, kí ẹ fà á gba inú àárín tó kọ́ yẹn jáde sókè. Èyí tó yọ sókè yìí ni wọn yóò gbà pé ó jẹ́ àárín. Ẹ gé e, kí ẹ sì gbé àlùmọ́gàjí sórí tábìlì. Orí mẹ́rin yóò hàn: ẹ jẹ́ kí méjì tó jẹ́ ti okùn gígùn bọ́ sílẹ̀, kí ẹ so méjì ti èyí tó kúrú pọ̀ yí àárín gidi náà ká. Lójú wọn, okùn méjì tí a so pọ̀ ni. Ẹ wá ká okùn náà mọ́ ọwọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún máa fa kókó náà lọ títí yóò fi bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ mú àlùmọ́gàjí, kí ẹ dá a padà sápò, kí kókó náà bá a wọlé. Bí ẹ bá tú okùn, odidi ni.

Ibi tí ẹ bá wò ni wọn yóò wò. Nítorí náà, nígbà tí kókó bá ń wọ àpò, ẹ wo ojú ọ̀kan nínú wọn kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́: ẹni tí a bi léèrè yóò wo ẹni tó bi í, àwọn yòókù yóò sì wo àwọn méjèèjì. Ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ẹ má sì pa idán kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn kan náà, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó, torí wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò máa ṣọ́.

Ẹni tó bá jáde wá ràn yín lọ́wọ́, àlejò yín ni. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wà níbi tí onídán kan ti fi arúgbó kan ṣe ẹlẹ́yà. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó tún gbà láti jáde.

Idán mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi èyí tó yára ṣí i, kí ẹ fi èyí tó dùn jù parí rẹ̀. Ẹ fi dígí kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n dígí máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣẹ́jú ní àkókò tí àṣírí bá ń lọ lọ́wọ́, láìmọ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò ara yín. Bí ẹ bá rí i pé ojú yín yà sí àpò, ẹ tún un ṣe.